Omi ni mo rí, àbẹ́là ni mo rí: kí ni ẹ̀yin ń rí?

Ìbéèrè:

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ mi lè dà bí àrífín létí àwọn kan. Inú Ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n bí mi sí, mo ti gba Kọmúníọ̀nù Àkọ́kọ́, mo ti gba Ìfòróróyàn. Ìgbà gbogbo ni Fáda máa ń sọ pé ká fi ojú ìgbàgbọ́ wo ohun tó wà níwájú wa, pé ohun tí a kò rí ń bẹ lẹ́yìn èyí tí a rí. Mo ti gbìyànjú títí. Mo tẹjú mọ́ omi mímọ́, omi ni mo rí. Mo tẹjú mọ́ àbẹ́là, ìda tó ń yọ́ ni mo rí. Bí wọ́n bá gbé Ara Olúwa sókè, ẹni tó kúnlẹ̀ tì mí á máa sunkún, èmi á máa wo aago. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí ìjọ mìíràn ní ìbọ̀rìṣà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tirẹ̀ kò lè sùn bí ìgò omi mímọ́ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé èmi ni mi ò nígbàgbọ́ ni, àbí àwọn tó kù ló ń tan ara wọn jẹ?

* * *

Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ, àbúrò. Omi ni omi. Kò sẹ́ni tó ní kó o rí nǹkan mìíràn níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé òun ń rí ìmọ́lẹ̀ nínú abọ́ omi mímọ́, má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lọ́kàn jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé o ń retí kí ojú ṣe iṣẹ́ etí. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Róòmù pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Tómásì rí àpá ìṣó lára Jésù, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi." Àpá ló rí, Ọlọ́run ló jẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò mú ju tìrẹ lọ. Ó ti bá ẹni tó ni àpá náà rìn, ó ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ẹni Mímọ́ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ẹni tó kú ní 430, ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tó ń wàásù lórí Ìhìn Rere Jòhánù. Ó ní, mú ọ̀rọ̀ kúrò, kí ni omi bí kò ṣe omi? Ọ̀rọ̀ bá ohun tí a fojú rí pàdé, ó di sákírámẹ́ńtì, ìyẹn àmì mímọ́ tí Ọlọ́run ń gbà fúnni ní oore-ọ̀fẹ́. Nítorí náà, bí o bá dé ibi omi mímọ́, ohun tí o máa bi ara rẹ ni pé: kí ni wọ́n sọ sórí omi yìí, kí ni wọ́n sì ń fi í ṣe? Ibẹ̀ ni ojú ìgbàgbọ́ ti ń là.

Ti ẹkún, má fi ṣe òṣùwọ̀n rárá. Ọkàn ẹlòmíràn máa ń tètè rọ̀. Ẹlòmíràn sì rèé, láti ilé ló ti gbé ẹkún wá.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn tó kù kọ lábẹ́ ìbéèrè yìí. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní ìránnilétí lásán ni gbogbo rẹ̀, pé èèyàn tó bá ti rántí Ọlọ́run kò nílò rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní agbára ń bẹ nínú nǹkan náà fúnra rẹ̀, kí èèyàn ṣáà ti ní in nílé. Àwọn kan ní òrìṣà ni, ká kó o dànù. Mi ò bá ọ̀kankan lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí kan náà ni mi ò sì fi bá wọn lọ: wọ́n kó ohun tí kò dọ́gba pọ̀, wọ́n wá ń fi orúkọ kan pè é.

Ara Olúwa, búrẹ́dì tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Mísà, yàtọ̀ pátápátá. Ìjọ kò sọ pé búrẹ́dì yẹn ń rán wa létí Kristi, kò sì sọ pé Kristi fara pamọ́ sínú búrẹ́dì. Ó ní Kristi fúnra rẹ̀ ni. Ìrísí búrẹ́dì, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ ló kù. Àpérò Ńlá ti Trent, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, fìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀ ní 1551, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìyípadà náà sì ti wà nínú ìwé Àpérò Lateran Kẹrin láti 1215. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi eékún kanlẹ̀ níwájú tábánákù, àpótí tí wọ́n ń tọ́jú Ara Olúwa sí, tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àbẹ́là.

Àwọn sákírámẹ́ńtì yòókù jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n àmì tó ń ṣe ohun tó ń sọ ni wọ́n. Omi ìrìbọmi ń sọ pé a wẹ èèyàn mọ́, ó sì ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní tòótọ́, kódà bí àlùfáà tó dà á bá jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku, nítorí Kristi ló ń ṣèrìbọmi. Ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ pé ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan o! Ní oṣù kẹjọ 2020, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican dáhùn ìbéèrè kan: bí ẹni tó ń ṣèrìbọmi bá ní "A ṣe ìrìbọmi fún ọ" dípò "Mo ṣe ìrìbọmi fún ọ", ṣé ó mú? Wọ́n ní kò mú. Àlùfáà kan ní Amẹ́ríkà lọ wo fídíò ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó gbọ́ "a" níbẹ̀. Wọ́n ní láti ṣèrìbọmi fún un, fún un ní Ìfòróróyàn, kí wọ́n sì tún fi í joyè àlùfáà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan pè é ní àṣejù. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó péjọ bá ní àwọn ló ń ṣèrìbọmi, wọ́n ti dúró síbi tí Kristi dúró sí.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kan omi mímọ́, eérú, imọ̀ ọ̀pẹ, mẹ́dàlì, sikapúlà (aṣọ kékeré tí wọ́n ń fi kọ́rùn), àti ìbùkún ilé. Ìjọ ló dá àwọn wọ̀nyí sílẹ̀. Wọn kì í fúnni ní oore-ọ̀fẹ́ bí sákírámẹ́ńtì ṣe ń fúnni. Àdúrà Ìjọ ló wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ń tún ọkàn ṣe kó lè gba oore-ọ̀fẹ́. Ohun tí Àpérò Vatican Kejì sọ nìyẹn ní 1963 nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn mímọ́.

Ẹni tó bá bu ọlá tó tọ́ sí Ara Olúwa fún omi mímọ́ ti ṣì í. Ẹni tó bá wo Ara Olúwa bí ó ṣe ń wo omi mímọ́ ti ṣì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ìyá kan béèrè pé, "Bí kò bá sí agbára nínú omi mímọ́, kí la wá ń wọ́n ọn sí?" Mo gbọ́ ìbínú nínú rẹ̀, mo sì mọ ibi tó ti wá.

Mà, mi ò sọ pé kò wúlò. Mo ní òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní orí 4. Àwọn Filísínì ṣẹ́gun Ísírẹ́lì. Dípò kí àwọn àgbààgbà wádìí ọkàn ara wọn, wọ́n ní ká lọ gbé Àpótí Májẹ̀mú wá láti Ṣílò, pé ó máa gbà wá. Ohun mímọ́ ni Àpótí náà o, Ọlọ́run ló ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé e wá, wọ́n hó tí ilẹ̀ fi mì tìtì. Àwọn ọmọ Élì méjèèjì wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan náà tó ń fipá gba ẹran ẹbọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n tún ṣẹ́gun Ísírẹ́lì lọ́jọ́ náà, ọ̀tá sì gbé Àpótí lọ.

Ẹ wo ejò idẹ pẹ̀lú. Ọlọ́run ní kí Mósè rọ ọ́, àwọn tí ejò bù jẹ wò ó, wọ́n yè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Ọba Hesekáyà bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń sun tùràrí sí i, ó fọ́ ọ túútúú. Síbẹ̀, nígbà tí Jésù ń bá Nikodémù sọ̀rọ̀, ejò yẹn kan náà ló fi ṣàpẹẹrẹ bí wọn yóò ṣe gbé òun sókè. Idẹ kò yí padà. Ọkàn àwọn tó ń wò ó ló yí padà.

Kátíkísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì gbé jáde ní 1992, sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ ní ìpínrọ̀ 2111: ẹni tó bá gbà pé àdúrà tàbí àmì mímọ́ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé a ṣáà ti ṣe é lóde ara, láìka ohun tó yẹ kó wà nínú ọkàn sí, ti bọ́ sínú ìgbàgbọ́ asán.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ní ká kó gbogbo rẹ̀ dànù má tíì pàtẹ́wọ́. Ogunlọ́gọ̀ ló ń fún Jésù lọ́tùn-ún lósì lọ́jọ́ tí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Jésù ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mú un lára dá. Kò bá a wí pé ó fọwọ́ kan aṣọ. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó fi pa ojú afọ́jú, bẹ́ẹ̀ ẹnu lásán ì bá tó o. Ọlọ́run kò kórìíra ohun tó dá.

Mo máa ń kọ́ àwọn àgbà tó fẹ́ wọ Ìjọ lẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kan nínú wọn ní kí n bá òun bẹ Fáda kó wá bù kún iyọ̀ àti omi, kí òun fi wọ́n gbogbo igun ilé, nítorí ìjà kì í tán níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń bá ta jà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni, lórí ogún bàbá wọn. Fáda gbà láti wá, ó sì ní kó pe àbúrò rẹ̀ síbi àdúrà náà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, àmọ́ ó pè é. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wo ojú ara wọn, Fáda ò sì tíì wọ yàrá kankan tó fi wọ́n omi lé wọn lórí. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ìjà parí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó pọ̀.

Àbúrò mi, má gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bi í ní ohun tó máa ń sọ nígbà tó bá fi omi náà ṣàmì àgbélébùú. Bó bá ń rántí ìrìbọmi rẹ̀, tó sì ń fi oru lé Ọlọ́run lọ́wọ́, fara wé e. Bó bá jẹ́ pé ìgò náà ló gbójú lé, ńṣe ló dà bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí, tó fi lẹ́tà sábẹ́ ìrọ̀rí láìtú u.

* * *

Ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan hàn yín tó máa ń kọjá lójú ọ̀pọ̀ wa ní gbogbo Mísà.

Nígbà tí wọ́n bá ti gbé ọrẹ wá, àlùfáà tàbí díákónì á da wáìnì sínú ife, á wá kán omi díẹ̀ sí i. Omi yẹn kì í pọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń gba àdúrà tó bá a lọ, kì í dé ìjókòó ẹ̀yìn: pé nípasẹ̀ ohun ìjìnlẹ̀ omi àti wáìnì yìí, ká lè ní ìpín nínú jíjẹ́ Ọlọ́run ti Kristi, ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ní ìpín nínú jíjẹ́ èèyàn wa.

Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ní 258, kọ lẹ́tà gígùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan wà tó ń lo omi nìkan. Ó ní àwọn èèyàn ni omi náà, ẹ̀jẹ̀ Kristi sì ni wáìnì. Bó bá jẹ́ wáìnì nìkan, Kristi wà níbẹ̀ láìsí àwa. Bó bá jẹ́ omi nìkan, àwa wà níbẹ̀ láìsí Kristi. Bí wọ́n bá sì ti dà pọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́.

Mo sọ èyí fún àwọn tí mo ń kọ́, opó kan nínú wọn sì bi mí pé, "Ṣé èmi ni ẹ̀kán omi yẹn?" Mo ní àwọn ni. Wọ́n kúrò ní ìjókòó ẹ̀yìn ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá síwájú, wọ́n sì na ọrùn títí omi fi kán sínú ife.

Ẹnì kan ti dáhùn pé àṣà àtijọ́ ni, pé wáìnì ayé ọjọ́un le, kò sí ẹni tó ń mu ún láìbu omi là á. Òótọ́ ni, àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn bà jẹ́? Omi ti ń fọ ìdọ̀tí kó tó di omi ìrìbọmi. Òróró ti ń wo egbò kó tó di òróró àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe fún ara ni Ọlọ́run gùn lé láti bá ọkàn sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni àbẹ́là ńlá ti Àjíǹde. Lóru Àjíǹde, wọ́n á fín àgbélébùú sí i lára, Álífà lókè, Òmégà nísàlẹ̀, nọ́ńbà ọdún náà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbélébùú, hóró tùràrí márùn-ún á sì dúró fún ọgbẹ́ Kristi márùn-ún. Iná rẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún àbẹ́là ẹni tí wọ́n bá ṣèrìbọmi fún. Òun kan náà ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Níbi ìsìnkú ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ mi nígbà Ìfòróróyàn, ìjókòó mi kò jìnnà sí i, mo sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kú ló wà níbẹ̀, Álífà lókè rẹ̀, Òmégà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fáda wọ́n omi sára pósí bí wọ́n ṣe da omi lé wọn lórí nígbà ìrìbọmi. Mi ò rí ìran kankan o. Nọ́ńbà mẹ́rin ni mo kà lára ìda, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tí ọdún yẹn wà.

* * *

Ti ère, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àpérò Nicaea Kejì ti dá ẹjọ́ yẹn ní 787: ọlá tí a bá fún àwòrán ń kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí àwòrán náà ń fi hàn, ìjọsìn tòótọ́ sì jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ní 1563, Trent fi kún un pé kò sí ìwà-Ọlọ́run tàbí agbára kankan nínú ère, a kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sì í gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni Mímọ́ Jòhánù ará Damascus, olùkọ́ Ìjọ kan láyé àtijọ́, ti kọ ọ́ nígbà tí àwọn ọba ń fọ́ ère káàkiri pé òun kì í sin ohun tí a dá, Ẹlẹ́dàá rẹ̀ tó gbé ara wọ̀ nítorí òun ni òun ń sìn. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé Ọlọ́run tó kọ ère fífín nínú Ẹ́kísódù orí 20 ló ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì nínú orí 25 ìwé kan náà.

Ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn èèyàn ni èyí: bí ère ilé rẹ bá já bọ́ tó fọ́, kí lo máa ṣe? Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ pé láburú ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ ti fẹ́ ṣẹ mọ́ ọ lára. Ère fọ́ ni. Má kàn jù ú síbi tí wọ́n ti ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti súre sí i. Sin ín, tàbí kó o sun ún bó bá jẹ́ igi.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà síbòmíràn. Ẹnì kan ní àbẹ́là pẹpẹ kú lójijì lásìkò Mísà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹlòmíràn ní òun rí ojú Jésù nínú ìkùukùu.

Atẹ́gùn ló pa àbẹ́là. Kí wọ́n tún un tàn. Ìwé Mímọ́ àti Ìjọ ló ń fún àmì mímọ́ ní ìtumọ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù wa. Lóòótọ́, Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù orí 1 pé ohun tí Ọlọ́run dá ń fi agbára ayérayé rẹ̀ hàn. Ìkùukùu ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ẹni tó bá gbójú sókè. Kì í sọ ẹni tó máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìjọ fúnra rẹ̀ kì í sáré sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1858 ni Bernadette, ọmọdébìnrin kan ní ilẹ̀ Faransé, sọ pé òun rí Màríà ní Lourdes. Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n wádìí, 1862 ló tó sọ pé ó ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ìkùukùu láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ mú sùúrù.

Ohun tó le jù láti fi ojú ìgbàgbọ́ wò kò sì sí lójú ọ̀run. Ẹni Mímọ́ Jòhánù Chrysostom, oníwàásù ńlá ayé àtijọ́, wàásù rẹ̀ lórí Ìhìn Rere Mátíù: ẹ má fi ṣẹ́dà bu ọlá fún Kristi nínú ilé ìsìn, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ níta nínú òtútù àti ìhòòhò. Ẹni tó sọ pé "Èyí ni ara mi" ló sọ pé "Ebi pa mí, ẹ kò fún mi lóúnjẹ." Mo mọ àwọn tó máa ń fi eékún kanlẹ̀ dáadáa níwájú tábánákù, tí wọn kì í dáhùn ìkíni ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

* * *

Àbúrò ti padà wá, ó béèrè pé ṣé kí òun dáwọ́ gbígba Ara Olúwa dúró ná títí ọkàn òun á fi gbà á lára bí ti àwọn yòókù.

Rárá o. Ohun tí Ìjọ béèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé kí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá má wà lọ́rùn rẹ láìjẹ́wọ́, kó o gbààwẹ̀ wákàtí kan ṣáájú, kó o sì gbà pé Kristi ni ò ń gbà. Omijé kò sí nínú rẹ̀. Bó o bá ń dúró de ọjọ́ tí ara rẹ máa gbà á kó o tó jẹun, ebi lo máa fi para rẹ.

Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, má gbìyànjú láti rí gbogbo nǹkan. Mú ẹyọ kan. Mú ẹ̀kán omi inú ife, tàbí kó o mú "Àmín" tí o máa sọ nígbà tí wọ́n bá ní "Ara Kristi", má sì sáré sọ ọ́. Augustine sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi pé ohun tí wọ́n jẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe Àmín sí, nítorí àwọn náà jẹ́ ara Kristi. Gbé ìyẹn dání lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó o má wulẹ̀ máa yẹ ọkàn rẹ wò bóyá ó ti gbóná. Bó bá ṣì gbẹ, lọ bá Fáda, lẹ́yìn Mísà tàbí níbi ìjẹ́wọ́, kó o sọ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún wa níbí yìí gan-an, láìbù mọ́ ọn, láìyọ nínú rẹ̀.